Ìtì Bétọ̀n Tí Òùngbẹ Pa

Ọ̀rọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe tí ìjọba gbé iṣẹ́ afárá wa fún sọ ni mo fẹ́ fi ṣíwájú, nítorí ẹnu rẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó dúró lórí iyanrìn odò wa, lójú sú-pireféè, aláṣẹ ìjọba ní agbègbè wa, àti gbogbo ará abúlé, ó nàka sí bàbá mi, ó ní àgbàlagbà yìí ló ba afárá ìjọba jẹ́. Gbólóhùn kan péré ni. Bàbá mi ti ń mọlé láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ilé tó mọ wà ní Idigny, ó wà ní Odomèta, ó wà ní Kpankou, kò sì sí ọ̀kan tó wó lu onílé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ gbólóhùn yẹn, ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó tún pè é wá mọ ògiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n gbé ẹ̀bi kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ni ín, títí kan èyí tó jẹ́ ti bàbá mi.

Odò náà kì í ṣe odò ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn lásán ni, ewúrẹ́ á máa sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lókè, á gbé ọ̀nà mì. Àwọn tó ń gbé àgbàdo bọ̀ láti Idigny á dúró ní etí kejì pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n á máa wò wá, àwa náà á máa wò wọ́n. Afárá onígi tí àwọn òyìnbó ṣe síbẹ̀ nígbà tiwọn, ọdọọdún ni omi ń yọ igi rẹ̀ lọ bí ìgbà tí èèyàn ń yọ eyín ọmọdé. Nígbà tí òmìnira dé, a ní kí wọ́n ṣe afárá tí omi ò ní lè gbé fún wa. Ìjọba gbọ́. N kò ní í purọ́ mọ́ wọn: wọ́n gbọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé láti Dakar ni, níbi tí mo ti kọ́ nípa ọ̀nà àti afárá, wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀nà ní Àjàṣẹ́. Mo bẹ̀ pé kí wọ́n fi mí sí iṣẹ́ afárá wa. Ọ̀gá mi ní a kì í fi ọmọ ṣọ́ odò bàbá rẹ̀, ó sì rán mi lọ máa wọn ọ̀nà etí òkun. Òfin rẹ̀ dára, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé ẹni tí wọ́n wá yàn láti máa bójú tó iṣẹ́ náà kò tẹ iyanrìn wa mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò.

Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe afárá náà jẹ́ ọ̀nà ìgbàlódé, mo sì fara mọ́ ọn. Bétọ̀n ni àwa ń pe simẹ́ǹtì, iyanrìn àti òkúta tí a pò pọ̀, tí irin wà nínú rẹ̀. Dípò kí wọ́n to pákó sókè odò kí wọ́n máa da bétọ̀n sí i níbẹ̀, orí ilẹ̀ lẹ́bàá odò ni wọ́n ti máa da á sínú àpótí pákó gígùn, ìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ìtì igi ìrókò. Bí ìtì bá gbó, wọ́n á fi jáàkì gbé e, wọ́n á yí i lórí páìpù irin títí yóò fi jókòó sórí òpó. Wọn kì í gbé e lé òpó ní ìhòòhò. Rọ́bà dúdú nípọn ni wọ́n ń fi sáàárín, kí ìtì lè rí ibi nà sí nígbà oòrùn, kó sì rí ibi súnkì sí nígbà ọyẹ́. Àwọn ará abúlé fẹ́ràn rọ́bà yẹn gan-an. Wọ́n ní afárá ọ̀làjú ni, ó ń wọ bàtà.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀nà yìí tí kò gba àfojúdi. Bétọ̀n kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi tí simẹ́ǹtì ń mu ló ń mú un le. Bí oòrùn àti ọyẹ́ bá gba omi náà mọ́ ọn lọ́wọ́ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ á le, inú rẹ̀ á sì di ẹlẹgẹ́. Nítorí náà àpò ni a fi ń bò ó, a ó sì máa bu omi rin àpò náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Àdéhùn iṣẹ́ náà sọ pé agbaṣẹ́ṣe ni yóò mú kámíọ̀n olómi, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé omi, wá, kámíọ̀n náà kò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́bàá ìtì títí wọn yóò fi gbó. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ ilẹ̀ wa. Orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni a wà, kànga wa jìn débi pé okùn rẹ̀ ni obìnrin fi ń mọ ọjọ́ tí ara òun le. Kò sí ẹni tó ń fi omi ṣeré ní ọ̀dọ̀ wa.

Kámíọ̀n náà wá lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí wọ́n da ìtì àkọ́kọ́, tí sú-pireféè wà níbẹ̀. A kò rí i mọ́. Ó wà ní etí òkun, níbi tí agbaṣẹ́ṣe kan náà ti ń kọ́ ilé alájà fún ẹni ńlá kan. N kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà yẹn ni mò ń wọ̀n. Mo ti kọjá lára kámíọ̀n náà láìmọye ìgbà, mo tilẹ̀ ti yà fún un lọ́nà kó kọjá, láì mọ̀ pé omi wa ló gbé.

Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ etí òkun kan, ló mú bàbá mi pé kó máa ṣọ́ àwọn ìtì náà, nítorí wọ́n ní òun ni àgbà ọ̀mọlé ní agbègbè. Ó ní kí àpò orí wọn máa tutù. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n lọ ṣọdún nílé.

Kámíọ̀n ò dé. Bàbá mi bẹ àwọn obìnrin, wọ́n sì ń pọn omi kànga wá sọ́dọ̀ òkúta ìjọba láràárọ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn, aládùúgbò wa tó ń ta àgbàdo. Kò sí ẹni tí afárá náà ì bá ṣe láǹfààní tó o. Òun ló sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ níbẹ̀.

"Bàbá," ló wí lọ́jọ́ kan bó ṣe ń sọ korobá kalẹ̀, "òkúta yín yìí mu omi ju ọkọ mi lọ."

"Ìgbà wo ni ọkọ rẹ mu omi rí?" ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ẹmu la mọ̀ ọ́n mọ́."

"Ẹ kúkú fi ẹmu lọ òkúta náà, ká lè sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da omi sí i, wọ́n lọ. Nígbà tó yá, bàbá mi fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má pọn ọ́n mọ́.

Mo wá kí wọn nílé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì bá a lẹ́bàá odò. Ó ti ká gbogbo àpò. Ó ti gbọn wọ́n, ó ti ṣẹ́ wọn po bí aṣọ ìmúròde, ó kó wọn sórí òkúta kí ikán má baà dé ibẹ̀. Ó ti fi ìgbálẹ̀ gbá orí àwọn ìtì náà. Wọ́n nà gbalaja sínú oòrùn, wọ́n funfun bí eegun, ọyẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ọmọ mi, o káàbọ̀. Wá wò ó. Wo bó ṣe gbẹ."

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ ká àpò?"

"Ta ni yóò ní kí n ká a? Èmi ni wọ́n á wá kọ́ pé ohun tútù kì í gbé ẹrù?"

"Ẹ ò da omi sí i mọ́?"

"Mo dá àwọn obìnrin dúró. Kànga ti ń lọ sísàlẹ̀. Àti pé, o fẹ́ kí n máa da omi sára ògiri ológiri lójoojúmọ́? Ṣé ọ̀tá ìjọba ni mí ni?"

Ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wa wá lè rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ilé alámọ̀ ni à ń mọ. Ìpele kan á gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ọ̀mọlé tó bá kánjú gbé ìpele lé ìpele tútù, ilé rẹ̀ á tẹ̀ ní ìdí bí ìkòkò tí kò jinná. Ẹni tó bá sì da omi sí ìdí ògiri tuntun, ìkà ló ń ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìjà kan dé iwájú àwọn àgbà nítorí obìnrin kan tó da omi ìfọṣọ sí ìdí ògiri tí wọ́n ń mọ fún ìyàálé rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ̀ nìyẹn, ó sì fi tọkàntọkàn ṣe é fún ìtì náà. Ó tọ́jú wọn bí ògiri. Ìtọ́jú yẹn kò yẹ wọ́n.

"Bàbá, kì í gbẹ kó tó le," ni mo wí. "Omi ló ń mu tó fi ń le."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìtì tó sún mọ́ ọn.

"Ó ń mu omi."

"Ó ń mu ún."

"Ṣé ó lè mu ún báyìí?"

"Ó ti pẹ́ jù."

"Ṣẹ́ẹ̀fù yẹn mọ̀ pé ó ń mu omi?"

"Ó mọ̀."

"Ó mọ̀," ni bàbá mi wí, "ó sì wọ mọ́tò."

Ẹ̀bi ti bàbá mi nìyẹn, n kò dín in kù: ó dá omi dúró láìbéèrè. Ṣùgbọ́n omi wo ló dá dúró? Omi mímu abúlé ni. Oore ni àwọn obìnrin fi ń ṣe agbaṣẹ́ṣe tí kò bẹ̀ wọ́n, tí kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Omi iṣẹ́ náà ti lọ sí etí òkun tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá dá oore dúró kò jalè. Bí bàbá mi kò bá tilẹ̀ ṣí àpò, àpò gbígbẹ kì í bomi fún ẹnikẹ́ni. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, bó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀fù dé láti ibi ọdún, mo lọ bá a.

"Mèsíè, ìtì ti gbó," ló wí, ó ń fi Faransé pè mí ní ọ̀gbẹ́ni. "Ẹ ò rí i bó ṣe funfun?"

"Funfun kọ́ ni gbígbó. Kámíọ̀n olómi dà?"

"Ó bàjẹ́."

"Mo rí i ní etí òkun. Ó ń rìn dáadáa."

"Ó bàjẹ́ fún ọ̀nà yìí."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mo gba òòlù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, mo lu ìtì náà. Bétọ̀n tó gbó a máa dún gban-an bí irin. Èyí dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn pákó. Ṣẹ́ẹ̀fù gba òòlù rẹ̀, ó ní kí n máa lọ lu ti Àjàṣẹ́. Wọ́n ti ń to páìpù sílẹ̀ láti yí àwọn ìtì náà gun orí òpó, nítorí wọ́n fẹ́ parí kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn gòkè, kámíọ̀n àgbàdo àkọ́kọ́ ni yóò dán wọn wò, pẹ̀lú èèyàn lórí ẹrù.

Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo tún padà, mo ń jókòó síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ojú mi fi sú u. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n dán ìtì kan wò lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ọrùn ara rẹ̀ ló ṣe ṣe é.

Wọ́n gbé ìtì náà lé igi méjì, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí, ó ga díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń to àpò iyanrìn lé e láàárín. Ẹrù náà kò tíì tó ti kámíọ̀n kan nígbà tí ìlà kan yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀kan tó dá gbọnrangandan là á láti ẹ̀bá orí igi lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó tún gbé àpò mọ́. A ń gbọ́ bí iyanrìn ṣe ń jò nínú àpò kan.

Ìgbà náà ni agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀, tó tìtorí ìdánwò yìí wá, na ìka tí mo ti sọ.

Sú-pireféè, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, bi bàbá mi pé kí ló ní í sọ. Akọ̀wé rẹ̀ ló ń túmọ̀. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó ní:

"Èmi ni mo ká àpò. Èmi ni mo dá omi dúró. Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe pé ta ló gbé kámíọ̀n omi lọ."

Akọ̀wé túmọ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó túmọ̀ èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta mì. Bàbá mi kò gbọ́ Faransé, ó dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ń retí ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo jáde síwájú, mo fi Faransé sọ gbólóhùn kẹta náà.

"Mèsíè," ni sú-pireféè wí, "ta ló rán yín wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀wọ́."

Kò sí àga níbẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀.

Òjò dé, ọ̀nà sì gé. Àgbàdo aládùúgbò wa hù nínú àpò ní etí kejì. Àwọn ìtì náà wà nínú koríko, àwọn ọmọ ń gùn wọ́n bí ẹṣin. Ẹnikẹ́ni kò bá bàbá mi jà. Wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn, wọ́n á béèrè orúnkún rẹ̀. Wọn ò kàn pè é mọ́. Wọ́n ń pè é ní apabétọ̀n lẹ́yìn. Ọkùnrin kan ní Odomèta, tó ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó wá mọlé fún ọmọ òun tó ń gbéyàwó, tó tiẹ̀ ti gbẹ́ amọ̀ sílẹ̀, ránṣẹ́ sí ọ̀mọlé mìíràn ní Kpankou. Bàbá mi gbọ́ ọ ní ọjà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún àwọn mìíràn. Wọn kò ṣe ìtì tiwọn lẹ́bàá odò wa rárá. Ọgbà kan ní etí òkun ni wọ́n ti ṣe wọ́n, lábẹ́ òrùlé, níbi tí omi wà. Dípò irin lásán, okùn irin ni wọ́n fi sí i nínú. Wọ́n fà á le kankan kí wọ́n tó da bétọ̀n yí i ká. Nígbà tí bétọ̀n gbó, wọ́n jọ̀wọ́ okùn náà, ó fẹ́ súnkì padà, ó sì fún ìtì náà mọ́ra pinpin bí ọ̀já ṣe ń fún ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kámíọ̀n gígùn kan gbé wọn dé, ẹ̀rọ agbẹ́rù-sókè gbé wọn lé òpó, lórí rọ́bà wọn, kí oòrùn tó kan àtàrí. Iṣẹ́ tó dára ni. Afárá náà ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ jókòó ní ìlà iwájú, lórí àga tó ní ìrọ̀rí. Bàbá mi dúró lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wòran. Lẹ́yìn ayẹyẹ, mo lọ bá sú-pireféè ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ohun tí wọ́n sọ ní gbangba, kí wọ́n kó o jẹ ní gbangba. Mo sọ ti kámíọ̀n, mo sọ ti àwọn obìnrin, mo sọ ohun tí akọ̀wé rẹ̀ gbé mì. Ó gbọ́ mi tán.

"Afárá ti dúró," ló wí. "Kí lẹ tún ń wá?"

Mo dé ilé, mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún sú-pireféè yẹn, ṣé o lè sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbọ́ èdè wa?"

Mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a lọ sí Odomèta, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó gbé ilé rẹ̀ fún ọ̀mọlé Kpankou. A bá ilé náà ní ìdúró, wọ́n ti ń gbé igi òrùlé lé e. Ọkùnrin náà dìde, ó kí bàbá mi bó ṣe yẹ, ó fún wa ní àga. Kò bi wá léèrè ohun tí a bá wá. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí kan àpò tí bàbá mi ká àti omi tó dá dúró. Bàbá mi ń mi orí sí apá tirẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà ń fi igi kékeré kan ya ilẹ̀.

"Àwọn obìnrin tó pọn omi," ló wí, "agbaṣẹ́ṣe yẹn ò kí wọn?"

"Kò kí wọn."

"Kò tiẹ̀ ní ẹ kú iṣẹ́?"

"Kò mọ̀ pé wọ́n pọn ọ́n."

Ó ju igi náà nù. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń kọjá.

"Ẹ wá gbọ́," ló wí. "Èmi wà nínú àwọn tó ń pe bàbá yìí ní apabétọ̀n. Lójú ẹ̀yin ọmọ mi yìí ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo gbé kiri. Ẹ ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó yíjú sí bàbá mi. "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé ló ti dé òrùlé báyìí."

"Mo rí i," ni bàbá mi wí. "Ògiri rẹ̀ tọ́."

A fi wọ́n sílẹ̀. Inú ń bí mi lójú ọ̀nà, n kò sì pa á mọ́ra.

"Bàbá, ó gbọ́ tán, kò sì fún yín ní iṣẹ́ kankan."

"N ò bá iṣẹ́ lọ."

"Kí lẹ wá bá lọ?"

"O ò gbọ́ ohun tó sọ lójú àwọn ọmọ rẹ̀ ni?" Ó gbá mi léjìká láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Máa wo ọ̀nà. Tí o bá tún wálé, a ó lọ sí Kpankou. Lẹ́yìn náà Idigny."

A lọ. Ilé dé ilé ni, gbogbo ìgbà tí mo bá ti wálé, bàbá mi á jókòó, á ní ọmọ òun fẹ́ sọ̀rọ̀, á sì máa mi orí sí ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn kan tún pè é síṣẹ́ kó tó kú, wọn kò pọ̀. Ó ní ìyẹn tó òun. Kò tó mi. Agbaṣẹ́ṣe ló yẹ kó rin gbogbo ọ̀nà yẹn, láti ilé dé ilé, kó ṣí fìlà, kó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.